Ọ̀nà Ogun, Ọ̀nà Òwò, Ọ̀nà Kẹ̀kẹ́: Ìtàn Àwọn Ipa Ọ̀nà Òkè Ìmẹ̀sí-Ilé

Àwọn àgbà wa bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé kò bá bá ìtàn, yóò bá àróbá. Àróbá sì ni baba ìtàn. Ohun tí mo fẹ́ kọ sílẹ̀ nínú ìwé ọdọọdún wa yìí kì í ṣe ìtàn àwọn ọba tàbí ti àwọn ìjòyè, nítorí àwọn tí ó mọ̀ ọ́n jù mí lọ ń bẹ nínú ìlú. Ìtàn ilẹ̀ tí a ń tẹ̀ ni mo fẹ́ sọ, èyíinì ni ìtàn àwọn ọ̀nà tóóró tí ó gba orí òkè àti inú igbó wa kọjá, àwọn tí ó fi ẹsẹ̀ là wọ́n, àti bí èmi fúnra mi ṣe fi kẹ̀kẹ́ ológeere tọ̀ wọ́n.

Ọmọdé ni ó rán mi níṣẹ́ yìí. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, mo ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi ní ìtàn Ogun Kírìjì. Mo ti ya àwòrán àgọ́ méjèèjì sí ojú pátákó, mo sì ti kọ àwọn ọdún tí ó ṣe pàtàkì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ni ọmọdébìnrin kan bá na ọwọ́ sókè, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, apá ibo gan-an ni Kírìjì wà sí ilé ẹ̀kọ́ wa yìí?" Mo na ìka sí ojú fèrèsé, mo ní, "Lọ́hùn-ún, lẹ́yìn òkè." Ọmọ náà tún béèrè pé, "Ṣé ẹ ti dé ibẹ̀ rí, sà?" Ojú tì mí. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń kọ́ni ní ìtàn yìí, síbẹ̀ n kò tíì fi ẹsẹ̀ mi tẹ ibẹ̀ rí. Ìwé ni mo kà, ìwé náà ni mo sì ń tú fún àwọn ọmọ.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo wọ yàrá bàbá mi olóògbé, mo gbé kẹ̀kẹ́ Raleigh rẹ̀ tí ó fara ti ògiri jáde. Mo gbé e lọ bá atúnkẹ̀kẹ́ṣe. Ó pààrọ̀ táyà méjèèjì àti ṣéènì, ó da epo sí i lára, ó wò mí lójú, ó ní, "Tíṣà, ibo ni ẹ ń lọ?" Mo dá a lóhùn pé, "Mo ń lọ sí ogun ni."

BÍ ILẸ̀ WA ṢE RÍ

Ẹni tí ó bá ti dé Ìdànrè rí yóò mọ̀ pé òkè ibẹ̀ rí róbótó, ó sì pá bí orí àgbàlagbà. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Òkè tiwa nà gbọọrọ bí ẹ̀yìn ọ̀nì. Ó jẹ́ ara àwọn òkè tí ó ti ìhà Ẹ̀fọ̀n Alààyè wá, tí ó sì dé Òkèmẹ̀sí àti agbègbè wa. Lára àwọn òkè kan náà ni omi Olúmirìn ti ń já wálẹ̀ ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, tí omi gbígbóná sì ń sun jáde ní Ìkógòsì. Òkúta wọn funfun, ó sì máa ń fọ́ sí wẹ́wẹ́ tí ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ. Ẹni tí ó bá ń fi ẹsẹ̀ rìn lè má kà á sí, ṣùgbọ́n ẹni tí ó gun kẹ̀kẹ́ kò ní pẹ́ mọ̀ ọ́n.

Nítorí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, àwọn baba wa kì í la ọ̀nà ní tààrà. Ọ̀nà wọn ń yí òkè ká. Ó ń wá ibi tí omi kò jìn, ó ń sá fún ẹrẹ̀, ó sì ń gun òkè níbi tí ẹlẹ́rù lè gbé dé láìsọ ẹrù kalẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Mo ti máa ń rò tẹ́lẹ̀ pé wíwọ́ tí ọ̀nà wọ́ jẹ́ àìmọ̀ ni. Kẹ̀kẹ́ ni ó kọ́ mi pé ọgbọ́n ni. Nígbàkúùgbà tí mo bá fi ọ̀nà àtijọ́ sílẹ̀ láti gba àbùjá, mo máa ń sọ̀kalẹ̀ ti kẹ̀kẹ́ ni.

Ọ̀NÀ OGUN

Àwọn ọ̀nà wọ̀nyí ni ogun gbà wọ ilẹ̀ wa. Láàárín ọdún 1877 sí 1893, ilẹ̀ Yorùbá wà nínú ogun tí a ń pè ní Ogun Ọdún Mẹ́rìndínlógún. Àwọn ará Ìbàdàn ti fi ajẹ́lẹ̀ sí ìlú púpọ̀ ní Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà, ìwà ọ̀pọ̀ nínú àwọn ajẹ́lẹ̀ náà sì nira fún àwọn ènìyàn láti fara dà. Ní ọdún 1878, Fábùnmi, akọni Òkèmẹ̀sí, ìlú tí a ń pè ní Ìmẹ̀sí-Igbódò nígbà náà, bẹ́ orí ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn tí ó wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà di ogun. Àwọn Èkìtì, àwọn Ìjẹ̀ṣà àti àwọn mìíràn pa ọwọ́ pọ̀, wọ́n sì pe ara wọn ní Èkìtìparapọ̀.

Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kọkànlá ọdún 1878, Ìbàdàn ṣẹ́gun ní ẹ̀bá Ìkìrun, nínú ogun tí a mọ̀ sí Jálumi. Ṣùgbọ́n Èkìtìparapọ̀ kò tú ká. Ògèdèǹgbé ti Iléṣà wá di olórí ogun wọn, wọ́n sì tẹ àgọ́ wọn sí ìhà ti wa, ní Ìmẹ̀sí-Ilé níhìn-ín. Àwọn Ìbàdàn tẹ tiwọn sí ìhà Igbájọ, Látòóṣà tí í ṣe Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò sì wà pẹ̀lú wọn. Àfonífojì ni ó wà láàárín wọn. Ọdún ń gorí ọdún, àgọ́ ogun di ìlú. Wọ́n kọ́ ilé, wọ́n dá oko, wọ́n sì ń ná ọjà nínú rẹ̀.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, ṣakabùlà tí a ń ki láti ẹnu ni ìbọn púpọ̀ nínú wọn. Lẹ́yìn náà, àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì tí ó wà ní Èkó, tí wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀, fi ìbọn ìgbàlódé tí a ń ki láti ìdí ránṣẹ́ sí àwọn ará ilé. Ọ̀nà Oǹdó, tí Gómìnà Glover ṣí ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1870, wúlò púpọ̀ fún ìrìnnà láti Èkó sí ìhà ọ̀dọ̀ wa láìgba ilẹ̀ Ìbàdàn kọjá. Ẹ̀yin ará ìdálẹ̀, ẹ kíyè sí èyí: kì í ṣe òní ni ọmọ tí ó wà lẹ́yìn odi ti ń rántí ilé. Ariwo ìbọn wọ̀nyí, bí ó ti ń ròkè tí ó ń rodò, tí àwọn òkè sì ń gbà á lẹ́nu ara wọn, ni a fi sọ ogun náà ní Kírìjì.

Látòóṣà kú sínú àgọ́ ní ọdún 1885. Ní ọdún 1886, àlùfáà méjì tí í ṣe ọmọ Yorùbá, Samuel Johnson àti Charles Phillips, rìn láti àgọ́ kan dé èkejì, wọ́n ń gbé ọ̀rọ̀ àlàáfíà láti ọ̀dọ̀ ìjọba Èkó. Ní ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù kẹsàn-án ọdún náà, a fi ọwọ́ sí ìwé àdéhùn ní Kírìjì. Àdéhùn náà fi Igbájọ, Ọ̀tan, Ìrẹ̀sì àti Àdá sí abẹ́ Ìbàdàn, ó sì fún ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ kó jáde níbẹ̀ ní àyè. Síbẹ̀, àwọn ọmọ ogun kò lọ ilé pátápátá. Àwọn Ìbàdàn wà ní Ìkìrun, Ògèdèǹgbé sì wà ní Ìmẹ̀sí-Ilé títí di ọdún 1893, nígbà tí Gómìnà Carter wá tú wọn ká.

Ọ̀NÀ ÒWÒ

Nígbà tí ogun parí, ọ̀nà kò parí. Ibi tí ọmọ ogun ti ń sá pamọ́ ni oníṣòwò wá ń rìn ní gbangba. Reluwé dé Òṣogbo ní ọdún 1907, ọjà ìlú òyìnbó sì súnmọ́ wa. Nígbà náà ni àwọn Òṣómàáló, àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí ń ta aṣọ ní àwìn, gbé aṣọ lérí lọ sí ìlú àti abúlé. Gbogbo wa ni a mọ ìdí orúkọ wọn: ẹni tí ó jẹ gbèsè gbọdọ̀ san án kí wọ́n tó dìde lórí ìlóṣòó.

Lẹ́yìn aṣọ ni kòkó. Kòkó ni ó sọ igbó tí àwọn ènìyàn ti sá fún nígbà ogun di ohun tí ẹbí ń pín. Ẹ wo ilẹ̀ tí ó wà lójú ọ̀nà Kírìjì lónìí, oko kòkó ni púpọ̀ nínú rẹ̀. Ọ̀nà ogun wá di ọ̀nà oko, àwọn tí ń gbà á kò sì ronú mọ́ pé orí ọ̀nà tí baba bàbá wọn fi ẹ̀jẹ̀ là ni wọ́n ń gbé apẹ̀rẹ̀ gbà.

Ọ̀NÀ KẸ̀KẸ́

Nǹkan kan yà mí lẹ́nu nígbà tí mo ń ṣe ìwádìí. Ọdún 1885 tí Látòóṣà kú sínú àgọ́ ni John Kemp Starley, ní ìlú Coventry ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣe irú kẹ̀kẹ́ tí a ń gùn títí di òní, èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, tí ṣéènì sì ń fa ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Ọdún 1888 ni Dunlop ní ìlú Belfast ṣe táyà tí a ń fẹ́ atẹ́gùn sí. Ògèdèǹgbé sì wà ní Ìmẹ̀sí-Ilé níhìn-ín nígbà náà! Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ogun Kírìjì jìnnà bí ìgbà ìwáṣẹ̀. Kẹ̀kẹ́ àti ìwé àdéhùn wa, ẹgbẹ́ ni wọ́n.

Nígbà tí kẹ̀kẹ́ dé ọ̀dọ̀ wa, ẹni ńlá ni ó ń gùn ún. Katikíìsì, akọ̀wé, olùkọ́ àti àgbẹ̀ tí kòkó rẹ̀ so dáadáa ni wọ́n kọ́kọ́ rà á. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. A kọ́ ilé ẹ̀kọ́ sí abúlé púpọ̀, a sì nílò olùkọ́ púpọ̀. Bàbá mi wà lára àwọn ọ̀dọ́ tí ó wọ iṣẹ́ náà ní ọdún yẹn. Ó ń san owó kẹ̀kẹ́ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láti inú owó oṣù rẹ̀. Ó máa ń sọ fún wa pé òjò kò tíì dí òun lọ́nà rí, pé bí odò bá kún, òun a gbé kẹ̀kẹ́ lé èjìká, òun a sì la omi kọjá, nítorí àwọn ọmọ ń dúró.

Ní àsìkò kan náà ni ọ̀nà kan tún ti ìlú wa jáde tí gbogbo ayé ń tọ̀ lónìí. Dókítà David Morley, tí ó ṣiṣẹ́ ní Ilé Ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà láti ọdún 1956 sí 1961, dá ibi ìtọ́jú àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún sílẹ̀ ní Ìmẹ̀sí-Ilé. Níbẹ̀ ni ó ti lo káàdì kan tí a ń fi ìwọ̀n ọmọ sí lóṣooṣù, kí ìyá lè fi ojú ara rẹ̀ rí i bóyá ọmọ ń dàgbà dáadáa. Orúkọ tí ó sọ káàdì náà ni Ọ̀nà sí Ìlera. Ó tàn kálẹ̀ láti ọ̀dọ̀ wa dé orílẹ̀-èdè púpọ̀. Mélòó nínú àwọn ọmọ wa ni ó mọ̀ bẹ́ẹ̀?

ÌRÌN-ÀJÒ MI

N kò ní pa irọ́ fún yín. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo jáde, mo sọ nù. Mo rò pé òkè tí mo ń wò láti kékeré kò lè ṣì mí lọ́nà, ṣùgbọ́n mo bá ara mi nínú oko kòkó kan tí kò ní òpin, òkúta funfun gé táyà mi, ẹ̀rọ tí a fi ń fẹ́ atẹ́gùn sì wà ní ilé. Mo ti kẹ̀kẹ́ padà wọ ìlú ní àṣálẹ́. Àwọn ọmọkùnrin tí ń gun alùpùpù kí mi pé, "Tíṣà, ẹ kú ogun!"

Ìgbà kejì, mo lo ọgbọ́n. Mo mú obì lọ bá bàbá àgbà kan ní àdúgbò wa tí ó ti ń ṣe ọdẹ láti ìgbà èwe rẹ̀. Ó ṣáájú pẹ̀lú àdá, mo ń tẹ̀ lé e. Níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́jú, mo gun kẹ̀kẹ́. Níbi tí ó ti ga, kẹ̀kẹ́ ni ó gùn mí. Bàbá náà fi ibi tí wọ́n ní àgọ́ Ògèdèǹgbé wà hàn mí. Ó mú mi sọ̀kalẹ̀ dé odò kékeré tí a ń pè ní Fẹ̀jẹ̀bọjú. Omi náà mọ́ gaara ní ọjọ́ náà, ẹja wẹ́ẹ́rẹ́ sì ń lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀. Mo bọ́jú níbẹ̀, n kò sì lè sọ ohunkóhun fún ìgbà díẹ̀.

Bí a ti ń lọ ni ó ń dárúkọ ibi gbogbo: àpáta tí àwọn ọdẹ ń sinmi lé, ibi tí ọ̀nà ti pín sí méjì, igi tí a kò gbọdọ̀ gé. Ibi mọ́kànlá ni ó dárúkọ. Mo kọ méje sínú ìwé mi. Nígbà tí a dé ibi kẹjọ, òjò bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀, mo sì fi ìwé pamọ́ sínú àpò kí ó má baà tutù. Mo ní, "Bàbá, a óò kọ àwọn ìyókù nígbà mìíràn." Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ó dára, Tíṣà, bí ó bá di ọ̀gbẹlẹ̀." Kí ọ̀gbẹlẹ̀ tó dé, bàbá náà ti lọ bá àwọn baba rẹ̀. Mo ti béèrè lọ́wọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ àti àwọn ọdẹ tí ó kù. Kò sí ẹni tí ó mọ orúkọ mẹ́rin náà. Èmi ni mo sọ wọ́n nù, nítorí pé mo ń sá fún kí ìwé má tutù.

Ìgbà kẹta, mo la àfonífojì náà kọjá, mo sì gòkè lọ sí Igbájọ. Mo gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́ pé ọkàn mi kò balẹ̀ tán, nítorí ní kíláàsì, ìhà ibẹ̀ ni mo máa ń na ọ̀pá sí nígbà tí mo bá ń wí pé, "Àwọn ọ̀tá wa nìyí." Ìyá àgbà kan tí ó jókòó sí iwájú ilé rẹ̀ rí mi bí mo ti ń mí gúlegúle lórí kẹ̀kẹ́. Kò béèrè ibi tí mo ti wá kí ó tó fún mi ní omi. Nígbà tí mo sọ fún un pé ọmọ Ìmẹ̀sí-Ilé ni mí, pé ọ̀nà Kírìjì ni mo gbà wá, ó mi orí. Ó ní, "Ọmọ mi, nígbà tí ẹ bá ń kọ́ àwọn ọmọ yín ní ìtàn ogun náà, ṣé ẹ máa ń sọ fún wọn pé oko tiwa ni àwọn ọmọ ogun ń jẹ?" N kò rí èsì fọ̀. Ilẹ̀ tí erin méjì bá ti jà, koríko ibẹ̀ ni ìyà ń jẹ. Láti ọjọ́ náà ni mo ti yí ẹ̀kọ́ mi padà. Mo ń kọ́ àwọn ọmọ pé ìhà méjèèjì àfonífojì náà ni ẹkún ti sun.

OHUN TÍ Ó KÙ FÚN WA

Ẹ̀yin ará, ọ̀nà náà ti ń kú lọ. Àwọn agégẹdú ti fi igi ńlá dí i ní ibi kan. Ní ibòmíràn, koríko ti bò ó, nítorí pé ẹlẹ́sẹ̀ kò gbà á mọ́. A dá Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀ ní ọdún 1991, Ìpínlẹ̀ Èkìtì sì tẹ̀ lé e ní ọdún 1996, ààlà ìjọba sì wà láàárín àwa àti Òkèmẹ̀sí tí a jọ ń jẹ́ Ìmẹ̀sí. Àwọn ọmọ wa mọ̀ pé ìpínlẹ̀ méjì ni. Wọn kò mọ̀ pé ọ̀nà kan ni.

Ohun mẹ́ta ni mo fi ń bẹ ẹgbẹ́ ìlú wa. Èkínní, kí a yan ọjọ́ kan ní ọ̀gbẹlẹ̀ ọdọọdún, kí àwọn ọ̀dọ́ bá wa ro ọ̀nà náà títí dé Fẹ̀jẹ̀bọjú, kí a sì ránṣẹ́ pe àwọn ará Igbájọ àti ti Òkèmẹ̀sí láti ro ti ìhà tiwọn wá pàdé wa. Èkejì, kí olúkúlùkù ẹbí jókòó ti àgbà tí ó wà nínú ilé rẹ̀, kí wọ́n kọ orúkọ òkè, odò àti igi tí ó bá mọ̀ sílẹ̀. Orúkọ méje tí mo ní wà lọ́wọ́ akọ̀wé ẹgbẹ́. N kò tẹ̀ wọ́n jáde níhìn-ín nítorí ó tọ́ kí àwọn ẹbí mìíràn yẹ̀ wọ́n wò ná, bóyá wọn a sì rántí mẹ́rin tí mo sọ nù. Ẹ̀kẹta, ẹ̀yin tí ẹ wà ní ìdálẹ̀ àti ní òkè òkun, ẹ kọ ìtàn tí bàbá àti ìyá yín sọ fún yín ránṣẹ́ sílé. Kì í ṣe owó nìkan ni ilé ń béèrè lọ́wọ́ ọmọ.

Ní ti ọmọdébìnrin tí ó bi mí ní ìbéèrè, ó ti jáde ní ilé ẹ̀kọ́ wa báyìí. Kí ó tó lọ, mo mú òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí Kírìjì ní ọjọ́ Sátidé kan, pẹ̀lú àṣẹ àwọn òbí wọn. Àwọn ń fi ẹsẹ̀ rìn, mo ń ti kẹ̀kẹ́ tí a di omi àti oúnjẹ wọn mọ́. Nígbà tí a dé etí odò, ó yí padà, ó wo ìlú wa láti ọ̀nà jíjìn, ó ní, "Sà, kò jìnnà."

Lóòótọ́, kò jìnnà. Àwa ni a kò lọ. Kí Olódùmarè má ṣe jẹ́ kí a sọ ọ̀nà ilé nù. Kí Ìmẹ̀sí-Ilé máa tẹ̀ síwájú o. Àṣẹ.